Ilé-ìwé àti Ilé-ẹ̀kọ́

Orúkọ méjì ni àwa Yorùbá ń pe ibi tí à ń rán ọmọ wa lọ ní òwúrọ̀. Lẹ́nu, ilé-ìwé ni. Nínú ìwé ìjọba àti lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ní èrò tèmi, àwọn ìyá wa tí wọ́n pè é ní ilé-ìwé ni wọ́n sọ ohun tí ojú wọn rí. Ìwé ni wọ́n rí i pé wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀ ti ní ilé kí ìwé tó dé: a máa ń sọ pé ọmọ kan kò ní ẹ̀kọ́ ilé, a kì í sọ pé kò ní ìwé ilé. Ẹni tí ó mọ ìwé là ń pè ní ọ̀mọ̀wé, ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ tí ẹ̀kọ́ sì mọ́ ọn lára là ń pè ní ọmọlúàbí. Èdè wa ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àwa tí à ń sọ ọ́ la so wọ́n pọ̀.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní yunifásítì, òbí sì ni mí. Ojú méjèèjì ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, àwọn ọmọ tí a ti fi ọdún méjìlá kọ́ ní ìwé ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ti yege nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, wọ́n ti yege nínú ti JAMB, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò lè kọ lẹ́tà olójú-ewé kan sí ìyá wọn àgbà ní èdè tí ìyá àgbà náà gbọ́. Gẹ́gẹ́ bí òbí ẹ̀wẹ̀, mo mọ ohun tí ó ń lé òbí kiri. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun ya òpè láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Orin kan wà tí gbogbo wa kọ nígbà tí a wà ní kékeré, èyí tí ó fi ìró bàtà méjì wéra: bàtà ẹni tí ó kàwé rẹ̀ àti bàtà ẹni tí kò kà á. N kò ní í kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí kò sí òǹkàwé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un gbọ́ pẹ̀lú etí àgbà. Kò sọ ohun tí ọmọ náà yóò mọ̀. Kò sọ irú ènìyàn tí yóò jẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Bàtà nìkan ni. N kò dá ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ orin náà lẹ́bi, nítorí ohun tí ìgbà rẹ̀ fi hàn án ni ó sọ. Láti ìgbà tí àwọn ajíhìnrere ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì láàrin ọdún 1840 sí 1850, ẹni tí ó mọ ìwé ni ó ń di ògbufọ̀, tíṣà tàbí akọ̀wé ìjọba, bàtà rẹ̀ sì ń dún lóòótọ́. Lónìí, ọmọ tí ó gboyè ní yunifásítì wà lórí ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni à ń kọ́ ọmọ-ọmọ wa ní orin kan náà, láìyí ohùn rẹ̀ padà.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kínní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbé ọwọ́ gba àárín orí láti fọwọ́ kan etí ní òdì kejì, kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ti tó ọdún mẹ́fà. Iṣẹ́ ńlá ni ètò náà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì là. Nígbà tí ó di 1976, ìjọba àpapọ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Mo wà lára àwọn tí wọ́n wọlé lọ́dún náà, nínú kíláàsì tí ènìyàn kún fọ́fọ́. Iye ọmọ tí yóò wọlé ni ìjọba méjèèjì fi ṣe olórí ètò wọn, bóyá kò sì lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọmọ yóò bá nínú ilé náà ni a fi sí ẹ̀yìn, a kò sì tíì padà síbẹ̀ dáadáa.

Ẹ wo òǹkà. Ọmọ ọdún méje tí ó ń bá ìyá rẹ̀ patẹ ata mọ ohun tí ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Kí ènìyàn tó lè pe iye yìí, àwọn baba ńlá wa ti sọ ogún di ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn ọgọ́ta. Wọ́n yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta. Wọ́n tún yọ àrún, ó ku 45. Ìlọ́po kan àti àyọkúrò méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ yìí kan náà ni yóò dé kíláàsì tí a ó máa kọ́ ọ ní ìlọ́po àti àyọkúrò bí ẹni pé òkè òkun ni wọ́n ti kó wọn wá. Bí ó bá jókòó sídìí ọpọ́n ayò, ihò méjìlá ni ó ń wò, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, ó sì ń ṣírò ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò parí sí kí ó tó bu ọmọ kan. Mo gbà pé òǹkà wa wúwo fún ìṣirò orí ìwé. Àwọn kan láàrin àwa onímọ̀ èdè ti dábàá pé kí a tún un tò ní ẹ̀wẹ̀ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tún ilé ṣe ní láti kọ́kọ́ gbà pé ilé wà.

A ti dán ọ̀nà mìíràn wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò sì gbẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni wọ́n sì fi sí i. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì kéré sí tàwọn yòókù. Ohun tí àwa alátìlẹ́yìn èdè abínibí kì í fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n ń lọ wo kíláàsì. Owó wà nídìí rẹ̀, ìtọ́jú wà nídìí rẹ̀.

Èyí ni mo fi ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ní oṣù Kọkànlá, 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá, 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì dá Gẹ̀ẹ́sì padà. Ìdí tí mínísítà fi lélẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń kùnà ìdánwò jù. Àlàyé yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lábẹ́ ìlànà 2022 kò tíì ka ọdún mẹ́rin tán ní ọjọ́ tí wọ́n fagi lé e. Báwo ni ó ṣe lè ti kùnà ìdánwò oníwèé mẹ́wàá? Bí agbègbè kan kò bá sì ní olùkọ́ tó, tí kò ní ìwé, tí òrùlé kíláàsì ń jò, èdè wo ni ìbá gba ọmọ ibẹ̀ là? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tí wọ́n gbé ìlànà náà kalẹ̀ wí pẹ̀lú. Wọ́n pàṣẹ kí wọ́n tó pèsè. Ohun tí Mọdákẹ́kẹ́ fi ìwé àti olùkọ́ ṣe ni wọ́n fẹ́ fi bébà kan ṣoṣo ṣe.

Àwa òbí ńkọ́? Ilé-ìwé aládàáni kan wà ní ìlú tí mo ń gbé tí ó máa ń gba àádọ́ta náírà lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Àbíkẹ́yìn mi san án rí, nítorí pé ó kí ìyá tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo lọ bá ọ̀gá wọn. Èsì tí ó fún mi kò ní àbòsí nínú: òbí ni ó ń béèrè fún un, bí òun bá fagi lé òfin náà, ilé-ìwé kejì ni wọn yóò kó ọmọ wọn lọ. Òótọ́ ló sọ. Mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀, ilé-ìwé náà sì ń kún sí i. Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè. Ìkíni ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Yorùbá ń kọ́ ọmọ; ilé-ìwé gba owó ìtanràn lórí ẹ̀kọ́.

N kò sọ pé kí a padà sí àtijọ́. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní àbùkù tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé nípa àṣà sì máa ń fò ó dá. Ọmọ tí ó bá béèrè ìdí lẹ́ẹ̀mejì, àfojúdi ni wọ́n ń kà á sí. Àwọn tí wọ́n mọ egbò àti ewé gbé ìmọ̀ pamọ́ sínú agboolé, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì bá wọn wọlẹ̀. Ọmọbìnrin kò rí gbogbo ọ̀nà tí ọmọkùnrin rí. Ohun tí mo ń gbé yẹ̀wò nínú rẹ̀ ni ọ̀nà ìkọ́ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kì í gba òmìnira nítorí pé ó ka ọdún pé. Ó gbọ́dọ̀ rọ ọkọ́ tí àgbẹ̀ lè fi roko. Lónìí, àwọn òbí ń san owó ní ibùdó ìdánwò tí a mọ̀ pé wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún ọmọ. Ta ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ irú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

D. O. Fágúnwà, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ tíṣà, mọ ìyàtọ̀ tí mo ń wí yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti mú ohun tí yóò ṣe ìlú wọn láǹfààní bọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìdajì ìwé náà lè rò pé wúrà ni wọn yóò gbé délé. Ọ̀rọ̀ Ìrágbèje ni wọ́n bá níbẹ̀, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n sì fi jókòó gbọ́ ọ. Kò sí ìdánwò ní òpin rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń ka ìwé yìí fún ìdánwò. Wọ́n há orúkọ àwọn ọdẹ náà sórí, wọ́n sì mọ iye ọjọ́ tí wọ́n lò lọ́dọ̀ Ìrágbèje.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa olùkọ́ èdè kò fara sin. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti èkejì ní 1990, wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tí wọ́n ti di tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń wá yá tèmi. Ọ̀kan nínú wọn ń da ọ̀rọ̀ ìṣirò kọ sínú ìwé pélébé fún kíláàsì kẹrin, ní alaalẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ó ti dé orí ìdá. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ìdajì ni kí òun pe ohun tí a pín sí méjì tí kò dọ́gba, mo sì sọ fún un pé kí ó lọ bi àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń pín ẹran.