Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́ àti Òfin Odò: Àyẹ̀wò Ìlò-Èdè Nínú Ìwé Halford, Skues àti Grey

Ní ẹkùn Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ England, odò méjì kan wà tí àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn kì í ṣàì dárúkọ: Test àti Itchen. Inú òkúta ẹfun ni omi wọn ti ń sun jáde, ìdí sì nìyẹn tí ó fi mọ́ gaara tí ẹni tó dúró létí odò fi ń rí ẹja nísàlẹ̀. Etí odò méjèèjì yìí ni àwọn ìwé kan ti jáde wá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìwé iṣẹ́-ọwọ́ lásán. Èrò tèmi ni pé ìwé lítíréṣọ̀ ni wọ́n, àti pé ìlò-èdè wọn ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó kọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ìrúwé. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, kòkòrò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 'mayfly' yóò jáde láti inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ó ti gbé fún bí ọdún méjì. Yóò bọ́ awọ lójú omi, yóò fò lọ sára igi. Níbẹ̀ ni yóò ti tún bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí ó ti ní apá tán, ohun tí kòkòrò mìíràn kì í ṣe. Kò ní ẹnu tí ó lè fi jẹun mọ́. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, abo yóò padà wá yé ẹyin sínú omi, yóò sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú apá nínà. Ẹja trout yóò máa gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Apẹja yóò wá ju ìwọ̀ tí a fi ìyẹ́ àkùkọ àti òwú sílíìkì dì sí apá òkè ibi tí ẹja náà wà, kí omi lè gbé e bọ̀ wá bá a. Bí okùn bá fa ìwọ̀ náà díẹ̀ báyìí, ẹja yóò kọ̀ ọ́.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún irú ìwọ̀ yìí ni 'dry fly'. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá tú u ní ìtumọ̀ olówuuru, 'eṣinṣin gbígbẹ' ni yóò kọ, yóò sì ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Èkínní, eṣinṣin tiwa kò kúrò lára egbò àti ààtàn. Àwọn àgbà ní eṣinṣin kì í gbàgbé elégbò. Kò sí òǹkàwé Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí ohun ẹlẹgẹ́ tó ń bà sójú omi ní ìrọ̀lẹ́. Èkejì, ohun tó bá gbẹ lọ́dọ̀ wa, omi ti tán lára rẹ̀ ni, bí ẹja gbígbẹ. Ìwọ̀ yìí ń kan omi. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kò gbọdọ̀ rì. Apẹja a máa fì í síwá sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́ láti gbọn omi ara rẹ̀ dànù kí ó tó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà, 'ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ aléfòó' ni mo dábàá. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni orúkọ yìí tẹ̀lé.

Ẹ tún wo bí wọ́n ti ń pe kòkòrò náà. Nígbà tí ó wà nínú omi, 'nymph' ni. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ní apá, 'dun'. Lẹ́yìn ìbọ́-awọ kejì, 'spinner'. Nígbà tí ó ń kú lọ lójú omi, 'spent'. Irú ìpín báyìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Tanwíji ló ń di ẹ̀fọn, ìdin ló ń di eṣinṣin, légbénlègbé ló ń di ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò jẹ́ pe tanwíji ní ẹ̀fọn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, 'fly' lè jẹ́ kòkòrò alápàá, ó sì lè jẹ́ ìwọ̀ yòówù tí a fi ìyẹ́ dì, ìbáà rì, ìbáà léfòó. Ọ̀rọ̀ pọ́n-na ni, inú pọ́n-na yìí sì ni ìjà ti sẹ̀.

Frederic Halford, ọmọ ìdílé oníṣòwò aṣọ tó rí jájẹ, tẹ Floating Flies and How to Dress Them jáde ní 1886, ó sì tẹ Dry-Fly Fishing in Theory and Practice jáde ní 1889. Iṣẹ́ ẹni tí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, George Selwyn Marryat, wo àwọn kòkòrò odò náà fínnífínní, wọ́n sì wá ìyẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ bá tiwọn mu. Ibi tí mo ti bá a wí ni bí ohùn rẹ̀ ṣe yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí dé The Dry Fly Man's Handbook ní 1913. 'Ó ṣeé ṣe' di 'ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀'. Ọ̀nà kan láti pẹja di òṣùwọ̀n ìwà ọmọlúàbí. Kò yà mí lẹ́nu pé 'purist' ni wọ́n ń pe àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, orúkọ kan náà tí a ń pe àwọn tó fẹ́ kí èdè wà láìní àyálò kankan.

G. E. M. Skues, tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò, dá a lóhùn nínú Minor Tactics of the Chalk Stream ní 1910. A máa fi ṣíbí tóóró tí wọ́n fi ń họ mùdùnmúdùn egungun wo inú ikùn ẹja tó bá pa, ó sì rí i pé abẹ́ omi ni púpọ̀ nínú oúnjẹ wọn ti ń wá. Kí ló wá dé tí ìwọ̀ tó jọ 'nymph' fi di èèwọ̀? Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, Halford ni èdè ń gbè: tanwíji kì í ṣe ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ẹja kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gbọ́ Yorùbá. Agbára ìwé Skues wà nínú pé ó gbé àríyànjiyàn kúrò lórí orúkọ, ó gbé e ka orí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ní 1938, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, àwọn ẹgbẹ́ apẹja ní London ṣì pe àpérò lórí bóyá ohun tó ń ṣe bójú mu.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń fúnra rẹ̀ dín ọ̀nà ìpẹja kù. Níbi ọdún ẹja Argungu ní Ìpínlẹ̀ Kebbi, tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ní 2016, igbá àti àwọ̀n ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Òfin yẹn so mọ́ ọjọ́ kan àti ibì kan. Àṣìṣe Halford ni pé ó sọ òfin etí odò kan di òfin ẹ̀rí-ọkàn gbogbo apẹja.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Edward Grey ni mo fún ní ipò kìíní. Kí ó tó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti 1905 sí 1916 ló ti tẹ Fly Fishing jáde ní 1899. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹyẹ, koríko àti ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ jókòó pẹ̀lú ẹja nínú ìwé náà, gbólóhùn rẹ̀ sì ń rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹni tó ń dúró de nǹkan. Ìpẹja ojú ni ìpẹja aléfòó. Nígbà tí Grey dàgbà, ojú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò rí ìwọ̀ kékeré lójú omi mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí yóò lóye ìdí tí ìwé rẹ̀ fi ń wuni kà ju ti Halford lọ: ohun tí a rí ló ṣọ́, kì í ṣe ohun tí a pa láṣẹ.

Àbùkù kan kan gbogbo wọn. Odò aládàáni ni odò wọn. Láti 1822 ni ẹgbẹ́ Houghton, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ti ń pẹja nínú Test. Ará abúlé tí kò lówó ìwọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé náà, bẹ́ẹ̀ létí odò kan náà ló ń gbé.

Fún àwa olùkọ́ èdè, ohun tó wà nílẹ̀ kọjá Hampshire. Ìmọ̀ tó wà nínú ìwé wọ̀nyí dúró lórí pé ẹnì kan mọ orúkọ ohun kékeré tó wà nínú omi tirẹ̀. Kí a tó jókòó dá orúkọ fún kòkòrò odò Itchen, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ohun tí ń jẹ́ tanwíji, kí a sì ka iye ọwọ́ tó bá nà sókè.