Olórí Tí Ó Fẹ́ Gbọ́ Òtítọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nínú eré Yorùbá Ronú, èyí tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1964, igbákejì ọba kan dalẹ̀ ọba rẹ̀, ó sì fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́. Eré náà dára, nítorí orin àti ijó tí àgbẹ̀ àti akọ̀wé jọ mọ̀ ni ó fi bá wa wí. Àbùkù kan ni mo rí nínú rẹ̀: ó fi ọ̀dàlẹ̀ hàn wá kedere, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa tó nípa ìwà olórí rere.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn eré ni ó kọ́ wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà gbà pé àwọn ni ó ń bá wí, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà. Ògúndé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1966, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, di gómìnà. Ìjọba rẹ̀ ni ó mú òfin náà kúrò.

Òfin lè pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, kò lè mú ẹ̀dùn ọkàn kúrò. Baálé tí ọmọ rẹ̀ kò lè sọ fún pé òrùlé ń jò yóò sùn nínú òjò. Ọ̀gá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù yóò gbọ́ àbùkù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ará ìta. Bí a bá fi yín ṣe olórí lọ́la, ẹ rántí pé ẹni tí ó tọ́ka àṣìṣe yín kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ parí kí ẹ tó fèsì.