Ta Ni Yóò Fọ Omi Tí A Fi Ń Fọ Inú?

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òwe yìí gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bi ara wa léèrè bóyá omi ní ẹni tí ń fi í ṣòwò. Lónìí, omi ti di ọjà pàtàkì lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìlera ní ìlú ńláńlá wa. A ń tà á pẹ̀lú ewé, a ń tà á pẹ̀lú àdúrà, a sì ń tà á pẹ̀lú iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ìlérí kan náà ni gbogbo àwọn olùtajà wọ̀nyí ń ṣe: wọn yóò fọ inú wa. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni pé kí n gbé gbólóhùn náà, "fífọ inú", yẹ̀wò bí a ti ń gbé ewì tàbí eré oníṣe yẹ̀wò, kí a lè mọ ohun tí ó ń sọ àti ohun tí ó ń fi pamọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ti gbọ́ iṣẹ́ ẹnu yìí rí. Ọkọ̀ kò tíì ní kúrò ní gáréèjì tí ọkùnrin kan yóò fi dìde dúró, tí yóò kí wa, tí yóò gbàdúrà ìrìn-àjò, tí gbogbo wa yóò sì ṣe àmín. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀. Ṣé ara máa ń wúwo fún yín ní òwúrọ̀? Ṣé ẹ̀yìn máa ń dùn yín? Ṣé oorun kì í tó yín? Kò sí ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà náà ni yóò dárúkọ ọ̀tá. Ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀tí ti lẹ̀ mọ́ ìfun yín láti ìgbà èwe yín, ìgò kan ṣoṣo ni yóò sì ṣí i kúrò.

Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ sísọ, mo gbóríyìn fún un. Ó mú díẹ̀ lára ìwàásù, ó mú díẹ̀ lára ọfọ̀, ó sì fi ìpolówó ọjà dè é pọ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù ńlá kan wà lára rẹ̀: kò dárúkọ àrùn kankan. Lọ́dọ̀ àwọn onísègùn wa, orúkọ àrùn ni ó ń ṣáájú ewé. Àgbo ibà kì í ṣe àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi àgbo ibà wo làkúrègbé. Bí ibà bá wálẹ̀, aláìsàn àti ẹni tí ó se àgbo yóò jọ mọ̀ pé ó ti wálẹ̀. Ta ni yóò wá mọ ọjọ́ tí ìdọ̀tí tán nínú ìfun? Àrùn tí kò lórúkọ kò lè ní ọjọ́ ìwòsàn. Ẹni tí ń tà á kò sì fẹ́ kí ó ní.

Ohun mìíràn tún wà tí èdè wa ń ṣe fún olùtajà yìí, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Inú, lẹ́nu Yorùbá, kì í ṣe ibi tí oúnjẹ ń lọ nìkan. Níbẹ̀ ni ayọ̀ àti ìbínú ń gbé. A ń sọ pé inú ẹnì kan dùn, a ń sọ pé inú bí i, a sì ń sọ pé inú rẹ̀ mọ́ bí a bá fẹ́ yin ìwà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí fún wa pé inú wa dọ̀tí kò sọ̀rọ̀ nípa ìfun nìkan. Ó ti fi ẹ̀sùn kàn wá. Ojú sì ń tì wá díẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀. Ojútì yìí gan-an ni ó ń mú ọwọ́ lọ sí àpò.

Ní ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà, ìkòkò àgbo kì í kúrò nítòsí ààrò. Ìyá mi àgbà ni ó ń sè é. Ó korò, a sì ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ife kékeré kan ni òṣùwọ̀n ọmọdé, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bù kún un. Bí inú tí ó le bá ti rọ̀, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, a óò da ìyókù nù. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu màmá rí pé kí inú ọmọ mọ́ tónítóní bí àwo tí a fi ọṣẹ fọ̀. Kí inú rọ̀, kí ara tutù, kí ibà wálẹ̀: èyí ni ohun tí ó ń wá.

Anthony Buckley, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Medicine tí ó jáde ní ọdún 1985, ṣe àlàyé kan tí ó bá ìṣe màmá mu. Ó ní lójú àwọn onísègùn wa, kòkòrò àti aràn ń gbé inú ara ènìyàn, wọ́n ní àpò tiwọn, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí wọ́n kún àpò náà ní àkúnya, ni àìsàn ń dé. Iṣẹ́ oògùn ni láti dá wọn padà sí ìwọ̀n. N kò sọ pé èyí ni ohun tí awò amúǹkan-tóbi yóò fi hàn wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà inú ọkọ̀, ẹni tí ó sọ pé ogún baba wa ni òun ń tà. Ìwọ̀n ni àwọn baba ń wá, kì í ṣe inú òfìfo. Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń gbé inú ìfun ń bá wa da oúnjẹ ni.

Bí ó bá sì jẹ́ ti fífọ ara, ara ní alágbàfọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń sọ oró di aláìlágbára. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ wa lójoojúmọ́, wọ́n ń dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ padà, wọ́n sì ń fi nǹkan bí lítà kan sí méjì ránṣẹ́ síta bí ìtọ̀. Omi mímu ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ife omi kan ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ láti ọdún pípẹ́, ó ń tù mí lára, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ mo ti gbọ́ ẹni tí ó ní kí a mu lítà mẹ́rin kí oúnjẹ tó kan ẹnu. Ẹni tí ó bá da omi púpọ̀ sára lẹ́ẹ̀kan náà lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ là ju bí ó ti yẹ lọ, èyí sì ti pa ènìyàn rí. Ní ọdún 1945 ni ìgbìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà dábàá lítà méjì àbọ̀ lóòjọ́ fún àgbàlagbà, wọ́n sì fi kún un pé inú oúnjẹ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Gbólóhùn kejì yìí ni àwọn ènìyàn gbàgbé. Ẹni tí ó mu ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀, tí ó jẹ ọbẹ̀ lọ́sàn-án, tí ó fa ọsàn méjì mu nírọ̀lẹ́, ti ń mu omi láìmọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ilé ìtọ́jú kan ní Èkó níbi tí a ti ń fi omi fa májèlé jáde láti àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n ki ẹsẹ̀ mi bọ inú ọpọ́n omi oníyọ̀, wọ́n gbé irin tí a so mọ́ iná sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí omi náà fi pọ́n, tí ó sì dúdú bí àgbo. Ọmọbìnrin tí ń tọ́jú mi wí pé, "Bàbá, ẹ wo ohun tí ń bẹ nínú ara yín." Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe òmíràn fún mi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣe é. Omi kejì náà pọ́n, ó sì dúdú. Irin ni ó ń dípẹtà nínú omi iyọ̀. Ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn mẹ́ta tí wọ́n jókòó nítòsí wa, tí wọ́n sì fojú rí i, kò dìde.

Mo ti rò ó títí, n kò sì lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ilé ìwòsàn wọ́n, èrò pọ̀ níbẹ̀, dókítà kò sì ráyè. Níhìn-ín, ẹnì kan jókòó tì wọ́n, ó pè wọ́n ní bàbá àti màmá, ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti sùn. Ìtọ́jú gidi ni èyí. Ohun tí ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni irọ́ tí ó wà nínú ọpọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí a da omi ìgbàgbọ́ pọ̀ mọ́ omi ìṣòwò. Ní oṣù keje ọdún 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wàásù ní Òkè Oòyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Ohun yòówù kí a rò nípa ìwòsàn tí wọ́n jẹ́rìí sí, àdúrà ni wọ́n ń wá; wọn kò sọ pé irin kan ti wọn ìdọ̀tí ara wọn. Àmọ́ ìgbàgbọ́ náà ní ààlà tí ó yẹ kí a máa ṣọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, àhesọ tàn ká òru ọjọ́ kan pé kí a mu omi iyọ̀ kí a sì fi wẹ̀. Àwọn kan kú, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí omi lè ṣe fún ìlera ní tòótọ́, ìtàn sòbìà ni kí a kà. Òwe wa ní kí sòbìà tó di egbò, olúgànbe ni à á ké sí. Nígbà tí a wá àwọn aláìsàn náà káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí oògùn tí ó lè pa aràn náà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àgbo kò fọ̀ ọ́ jáde. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kí a tó mu ún, kànga tí a gbẹ́, oògùn tí a dà sí adágún, àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ má ṣe wọ inú odò. Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà lára àwọn tí ó lọ láti abúlé dé abúlé nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn, ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ yìí. Omi ni wọ́n fọ̀. Wọn kò fọ inú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀ fífọ inú ń mú wa gbàgbé. Ó ń yí ojú wa kúrò ní odò, ó ń dà á kọ ikùn. Bí inú mi bá ni ó dọ̀tí, ẹ̀bi mi ni, èmi náà ni n óò ra ìgò; kò sí ẹni tí n óò bi léèrè nípa ẹ̀rọ omi tí kò yọ, tàbí nípa kànga tí a gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. NAFDAC, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1993 láti mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń jẹ́ kí a kọ ọ́ sára púpọ̀ nínú àwọn oògùn ìbílẹ̀ pé òun kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wọn wò. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, nọ́ńbà àjọ náà sì tóbi. Nọ́ńbà ni ọlọ́jà ń fi hàn wá.

Kò sí omi tí Yorùbá kà sí omi ìwòsàn ju ti Ọ̀ṣun lọ. Láti ìran dé ìran ni àwọn obìnrin ti ń bù ú mu ní Òṣogbo nítorí ọmọ. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ìwakùsà góòlù ní òkè odò ti sọ ọ́ di pípọ́n bí ẹrẹ̀, ìkìlọ̀ jáde pé kí àwọn tí ó wá ṣọdún má ṣe mu ún mọ́. Odò tí ń wo àìsàn ti di ohun tí a ń wá ìwòsàn fún. Ìgò wo ni a óò rà fún un nínú ọkọ̀?