Abúlé tó wà lẹ́bàá ìlú: Àríwísí lórí bí a ṣe ń kọ Kpankou sílẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí ìwé ìmọ̀ àti ìwé ìjọba fẹ́ràn láti fi ṣàpèjúwe ibi tí kò gbajúmọ̀: "abúlé kékeré kan tó wà lẹ́bàá ìlú báyìí." A lè fi í ṣàpèjúwe abúlé kan ní erékùṣù Indonéṣíà lónìí, kí a fi ṣàpèjúwe Kpankou lọ́la, kí ó jẹ́ pé orúkọ ìlú nìkan la yí padà. Ohun tí mo fẹ́ ṣàríwísí rẹ̀ níbí ni pé gbólóhùn yìí ti wọ inú iṣẹ́ àwa onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ó sì ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ láìjẹ́ pé a fura.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àkọsílẹ̀ sọ. Kpankou jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó wà lábẹ́ kọ́múnù Kétu. Àwọn yòókù ni Adakplamè, Idigny, Odometa, Okpometa àti Kétu fúnra rẹ̀. Kọ́múnù náà wà ní ẹ̀ka ìjọba Plateau, tí a yọ lára Ouémé ní 1999. Lẹ́yìn èyí, iye èèyàn ni yóò tẹ̀ lé e, láti inú ìkànìyàn 2002 tàbí ti 2013. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Bí òǹkàwé bá béèrè èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ìsọ̀rí tí ìkànìyàn yóò nà sí i ni "Yoruba et apparentés", ìyẹn Yorùbá àti àwọn tó bá wọn tan. Ìsọ̀rí yìí kó nǹkan bí 12% àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní 2013. Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, Ìdáàṣà wà nínú rẹ̀, Kétu náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ka èèyàn lè fẹ́ ìsọ̀rí tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ẹni tó ń wá ẹ̀ka-èdè.

Orúkọ náà pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. Àkọtọ́ Faransé ni "Kpankou". A mọ̀ pé /u/ ni "ou"; ìyẹn kò ṣòro. Kí wá ni "an"? Ó lè jẹ́ fáwẹ̀lì aránmúpè, kí orúkọ náà ní sílébù méjì. Ó sì lè jẹ́ fáwẹ̀lì /a/ tí kọ́ńsónáǹtì aránmúpè aṣesílébù tẹ̀ lé, kí ó ní sílébù mẹ́ta, kí "n" yẹn sì ní ohùn tirẹ̀. Àkọtọ́ Faransé kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn, kò sì ní àmì ohùn. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a gbé kalẹ̀ ní 1975 tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990, ń kọ "kp" níbi tí àkọtọ́ Nàìjíríà ti ń kọ "p". Èmi tí mo fi Faransé kàwé láti kékeré ń lo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì mọ̀ pé a kò lè ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìgbọ́ orúkọ náà lẹ́nu onílé. Ẹni tó bá ti inú máàpù yí "Kpankou" sí àkọtọ́ Nàìjíríà, tó sì fi àmì ohùn sí i, ń méfò ni. Mo fi í sílẹ̀ níbí bí ìjọba ṣe kọ ọ́, kí òǹkàwé lè rí ohun tó sọnù nínú rẹ̀.

Indonéṣíà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lè là wá lójú. Ní erékùṣù Alor, Kalabahi ni ìlú ńlá, Màléè ti Alor sì ni èdè ìgboro ibẹ̀. Èdè Abui, tí kò bá Màléè tan, abúlé ni ibùgbé rẹ̀. Nígbà tí František Kratochvíl kọ gírámà Abui tó jáde ní 2007, èdè abúlé Takalelang ló ṣàpèjúwe. Kò sí ẹni tó máa fi ohun tó gbọ́ láàárín ìgboro Kalabahi kọ gírámà Abui. Ìyàtọ̀ èdè ló ń lé olùwádìí jáde nílùú.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ohun tó ń lé wa jáde. Orúkọ kan náà, "Kétu", la fi ń pe èdè ìlú àti ti abúlé. A ó gba àkójọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu abẹ́nà ìmọ̀ kan nígboro, a ó kọ "ẹ̀ka-èdè Kétu" sórí rẹ̀, bí ẹni pé Kpankou àti Okpometa ti fọwọ́ sí i. Àwọn iṣẹ́ ńlá tí a gbára lé kò sì kọ́ wa láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ Adetugbo ti 1967 lórí àgbègbè ẹ̀ka-èdè Yorùbá sọ òpin rẹ̀ nínú àkọlé: ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Kétu wà ní òdìkejì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889. Angela Kluge kọjá ààlà náà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 2011 lórí àwọn àwùjọ Ede ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wádìí ni bóyá ètò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó wà nílẹ̀ lè ṣe àwọn àwùjọ náà láǹfààní. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń wá ohun tó so ibi púpọ̀ pọ̀; kò wá ohun tó ya abúlé kan sọ́tọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìlú ni ojúlówó èdè wà, pé abúlé kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ìtàn Kétu kò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì pa ìlú náà run ní 1886, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Abọ́mẹ ni wọ́n tó rí àyè padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tún Kétu kọ́ ti lo nǹkan bí ọdún méje láàárín àwọn tó ń sọ Fọ̀n. Mi ò sọ pé èdè abúlé ló mọ́ jù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi èdè ìlú ṣe òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "abúlé" fúnra rẹ̀ tún ń tì wá. Létí Yorùbá, ará abúlé ni ẹni tó ní agboolé nílùú tó wá dáko, tó ń lọ sílé lọ́jọ́ ọdún. Bí a bá ti pe ibì kan ní abúlé, ó dà bí ẹni pé a ti sọ pé ilé rẹ̀ wà níbòmíràn. "Village" ti Faransé kò ru ẹrù yìí. "Desa" ti Indonéṣíà kò rù ú: òfin kẹfà ti ọdún 2014 fún desa ní àṣẹ àti ìsúná tirẹ̀. Nítorí náà, bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí "abúlé" láìṣàlàyé, ìtumọ̀ wa ti dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí ìwádìí dáhùn.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa yóò sọ: owó ìwádìí kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ kan kò sì lè dé gbogbo abúlé. Òótọ́ ni. Wọ́n tún lè sọ pé ó ṣeé ṣe kí Kpankou àti Kétu má yàtọ̀ rárá. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n "kò sí ìyàtọ̀" jẹ́ àbájáde ìwádìí. Kò lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí a kọ ibi tí a bí abẹ́nà ìmọ̀ wa sí àti ibi tó gbé dàgbà sórí gbogbo àkójọ ọ̀rọ̀ tí a bá gbà. Kí a gba orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ohùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àdúgbò kan péré nígboro la dé, kí a kọ orúkọ àdúgbò náà, kí a má kọ "Kétu". Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yóò wá mọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé.