Ohùn Kan Lẹ́ẹ̀kan: Àwo Orin Wendy Carlos

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àwọn kan nínú yín tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin nílé a máa fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi. Ohùn 24 ló wà nínú òmíràn, síbẹ̀ orin náà gbẹ. Ẹ lọ gbọ́ Switched-On Bach, àwo tí Wendy Carlos gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, tó fi ẹ̀rọ Moog kọ orin Bach ará Jámánì.

Moog ìgbà náà kò lè dún ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Carlos ní láti gba ohùn kọ̀ọ̀kan sórí téèpù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó tó kó wọn pọ̀. Ta ló máa ṣe irú wàhálà yẹn nítorí ohùn tí kò níṣẹ́? Ìdí nìyẹn tí tìsàlẹ̀ kì í fi í jọ tòkè. Ọ̀kan rọ̀ bí fèrè, èkejì le bí agogo. Ẹ rántí kọ́, kọ àti kọ̀ tí a jọ kà ní kíláàsì. Bí ìyàtọ̀ ò bá sí, etí ò ní mọ èyí tó ń gbọ́.

Kí n má purọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Nínú Brandenburg kẹta, kọ́ọ̀dù méjì péré ni Bach kọ sílẹ̀ fún apá àárín. Carlos ló wá nǹkan fi kún un. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ló ń ṣe àṣehàn níbẹ̀. Ohùn ń yọ́, ohùn ń fò, ṣùgbọ́n n ò gbọ́ èyí tó ń dá èkejì lóhùn. Apá tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Áà! Ohùn ń lé ohùn, ẹ sì lè tọ ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan dé òpin.

Ẹ pa ohùn kan lẹ́nu mọ́ nínú orin tiyín, kí ẹ wá tún un gbọ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ pé ó ti lọ, ẹ yọ ọ́ dànù.