Ṣájà Kékeré Náà Ní Àyè Tirẹ̀

Ẹnu ṣájà ni àwọn oníbàárà mi máa ń kọ́kọ́ wò. Tí ẹnu bá ti wọ ihò láptọ́ọ̀pù, tí iná sì tàn, wọ́n ti rò pé ó parí. Èmi á yí i padà, kí n ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níkùn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà. Ẹ mú ti HP ẹlẹ́nu búlúù. Ọ̀kan á kọ 19.5V, 2.31A: ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó di wáàtì 45. Òmíràn á kọ 3.33A, ìyẹn 65. Òmíràn á kọ 4.62A, ìyẹn 90. Ẹnu kan náà, fóòtì kan náà, agbára wọn ò sì dọ́gba rárá.

Ilẹ̀ Yewa níbí, kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣe iṣẹ́ yìí láìmọ ìṣirò yẹn. Láti 1979 tí Polí Ìjọba Àpapọ̀ ti dé Ìlaròó, ọmọ ilé-ìwé kò wọ́n nílùú wa. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, tòkunbọ̀ kì í sì í sábà bá ṣájà rẹ̀ wá. À ń ra ṣájà ní Ọ̀tìgbà, n'Íkẹjà. Òmíràn ń gba Ìdí-Ìrókò wọlé láti ọ̀nà Kútọnu, pẹ̀lú irin roboto méjì tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún, tí kì í wọ tiwa oníhò mẹ́ta. Ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Wáyà ara ògiri la ó pààrọ̀, nítorí ṣájà fúnra rẹ̀ ń gba iná láti fóòtì 100 dé 240. Apá tó ń wọ láptọ́ọ̀pù ló ń gba làákàyè.

Àwọn èèyàn a máa bẹ̀rù òdìkejì ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. "Bọ̀dá, ṣájà ńlá yìí ò ní jó o ṣá?" Kò ní jó o. Bí fóòtì bá ti bára mu, ìwọ̀nba áńpù tí láptọ́ọ̀pù ń fẹ́ ló máa fà. Kékeré ni kí wọ́n béèrè nípa rẹ̀. Ẹ fi ṣájà 45 sára láptọ́ọ̀pù tó ń fẹ́ 90, kí ọmọ Polí wá máa fi AutoCAD yàwòrán ilé lórí rẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ ń béèrè á ju ohun tí ṣájà ní lọ. Ojúlówó ṣájà á gbóná, tí ọ̀rọ̀ bá sì le, á pa ara rẹ̀. Iná á máa tàn, á máa kú. Ayédèrú kì í pa ara rẹ̀. Òun ló ń yọ́ mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì lóru.

Nínú gbogbo wọn, Dell ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wo inú ẹnu ṣájà rẹ̀ oníhò roboto dáadáa, irin tín-ín-rín kan wà láàárín. Kì í ṣe iná tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ ni: ibẹ̀ ni ṣájà ti ń sọ iye wáàtì tó ní. Bí láptọ́ọ̀pù bá gbọ́ pé wáàtì kò tó, á dín eré kù, ó sì lè má fún bátìrì ní nǹkan kan títí wọ́n á fi pa á. Bí irin yẹn bá tẹ̀, tàbí tí wáyà rẹ̀ já nínú, á kọ ọ́ sójú gbangba pé òun ò dá ṣájà yìí mọ̀. Ẹlòmíràn á ti lọ ra bátìrì tuntun kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi! Píńsì tó kéré jù ni màá fi tọ́ irin náà, díẹ̀díẹ̀, mi ò ní mí. Bó bá dúró ṣánṣán, tí ìkọ̀wé yẹn sì pòórá, inú mi a dùn ju ìgbà tí mo tún odindi mọ́dábọ́ọ̀dù ṣe lọ.

Oní-USB-C ti òde òní ń ná ọjà ni. Ṣájà á pàtẹ ohun tó ní, fóòtì 5, 9, 15, 20. Láptọ́ọ̀pù á mú èyí tó tó o. Ṣájà fóònù tí kò ní ju 5 lọ, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ò ní dá a lóhùn.

Ní ti ayédèrú, wọ́n lè kọ 90 sí i níkùn, kó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Màá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti gbẹ, màá fi mítà wò ó. Ojúlówó á dúró nítòsí 19. Ayédèrú á máa sọ̀kalẹ̀, òórùn rọ́bà á sì gba ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n n ò bú ṣájà kékeré o. Bàbá olùkọ́ kan wà l'Áyétòrò tí wọ́n ń fi sólà àti ìnfátà kékeré ṣe iṣẹ́ alẹ́. Bátìrì olómi kan ni wọ́n ní, fóòtì 12, áńpù-wákàtí 100. Ìyẹn 1,200 wáàtì-wákàtí, kò sì dáa kéèyàn lò ju ìdajì lọ. Láptọ́ọ̀pù tó bá ń fa 90 á jẹ 600 yẹn tán ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Tó bá jẹ́ 45 ló ń fà, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo gba ṣájà 90 ọwọ́ wọn, mo fún wọn ní 45 ojúlówó.

"Ṣé kò ní bà á jẹ́?"

"Kò ní bà á jẹ́, sà. Ẹ máa fi kọ̀wé, ẹ máa fi ṣe máàkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí bátìrì inú rẹ̀ tètè kún, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sùn."

Wọ́n pè mí lẹ́yìn náà pé bátìrì ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣájà wà lára rẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n ní àwọn ọmọ ló ń fi gbá géèmù bọ́ọ̀lù. Mo ní kí wọ́n lé wọn síta lọ gbá bọ́ọ̀lù gidi.