Ìbéèrè Ìlà Kan

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ dátà kò ju kéèyàn to nǹkan sínú àtẹ, kó sì lọ fà á yọ nígbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ náà jẹun ò lè bá wọn jiyàn jìnnà, torí bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́jọ́ púpọ̀. Àmọ́ apá kan wà níbẹ̀ tí kì í sú mi: ká ṣàlàyé bí nǹkan ṣe jẹ́ fún kọ̀ǹpútà dáadáa, débi pé ìbéèrè tó lè gba ojú ìwé kan yóò di ìlà kan ṣoṣo.

Wikidata, àkójọ dátà kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti 2012 ló ti wà, ẹnikẹ́ni ló sì lè bá wọn kọ nǹkan sí i. Ọ̀nà mẹ́ta mẹ́ta la ń pín ọ̀rọ̀ sí níbẹ̀: ohun tí à ń sọ, ìbátan tó ní, àti ohun tí ìbátan náà so ó mọ́. Wọlé Ṣóyínká, ibi ìbí, Abẹ́òkúta. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá ohun kọ̀ọ̀kan àti ìbátan kọ̀ọ̀kan mọ̀: P19 ni ibi ìbí, P131 sì ni àgbègbè ìjọba tí ibì kan wà nínú rẹ̀.

Ká ní a wá fẹ́ mọ àwọn tí wọ́n bí sí Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bó bá jẹ́ dátábéèsì alátẹ, irú èyí tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Codd gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ ní 1970, mo ní láti so àtẹ èèyàn mọ́ ti ìlú, kí n so ti ìlú mọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, kí n tó dé ti ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ìlú fún ẹnì kan, tí wọ́n kọ ìjọba ìbílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wàhálà dé nìyẹn. Ní SPARQL, èdè tí a fi ń bi Wikidata ní ìbéèrè, ohun tí mo máa kọ kò ju èyí lọ, kí n sì fi nọ́ńbà Ògùn rọ́pò ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn:

?eni wdt:P19/wdt:P131* ?ipinle

Ẹ wo ìràwọ̀ kékeré yẹn. Bí àgbàlagbà ṣe ń béèrè agbo ilé ọmọ, tó ń ti ibẹ̀ mọ àdúgbò rẹ̀ títí dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ìràwọ̀ náà ń gòkè láti ibi kékeré sí ibi ńlá, iye ìpele yòówù tó lè wà láàárín. Nígbà tí SPARQL kọ́kọ́ di ìlànà àjùmọ̀lò ní 2008, kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ti 2013 ló mú un dé.

Ṣóyínká á wà lára àwọn tí yóò jáde. Bẹ́ẹ̀, 1934 ni wọ́n bí i, 1976 ni wọ́n sì tó dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìdáhùn náà ò parọ́. Ohun tí a bi í ló sọ: ta ni wọ́n bí sí ibi tó wà nínú Ògùn lónìí? Bó bá jẹ́ pé ẹkùn tí Abẹ́òkúta wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí Ṣóyínká là ń wá, a gbọ́dọ̀ ti kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin sára ìbátan P131 yẹn. Wikidata fi àyè gba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá tí mo kọ sókè yìí kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà mìíràn la ó gbà, tó gùn díẹ̀.

Ibi tí adùn iṣẹ́ yìí wà fún mi nìyẹn. Mi ò sọ bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe rìn, ohun tí mo fẹ́ ni mo sọ. Àmọ́ ẹni tó ti fara balẹ̀ kọ ibi tí Abẹ́òkúta wà, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wà níbẹ̀, ló ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ dè mí. Bí àpèjúwe bá wọ́, kò sí èdè ìbéèrè tó lè tọ́ ọ. Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú yín, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sí Wikidata, kí ẹ tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn tó péye.